Ọ̀pá Ìbọn Ló Ń Yan Ọta

Bí ọ̀pọ̀ ọdẹ bá fẹ́ ra ọta, agbára ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ èyí tó ń lọ jìnnà, èyí tó ń dún kíkankíkan, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá ba ẹran, ẹran ò ní í dìde mọ́. Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó yẹ kí ọdẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni irú ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ibi tí ọta ń wọ̀ ní ìdí rẹ̀ ṣe gùn tó, àti ìwọ̀n agbára tí irin rẹ̀ lè gbà mọ́ra. Ọ̀pá ló ń yan ọta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yan ọta kó tó wo ọ̀pá, ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó gan-an. Ọ̀rẹ̀ ni oríta tí ọ̀nà tó ti Èkó gba Ṣàgámù lọ sí Benin ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa. Yí wa ká ni igbó ìjọba Olúwa wà, pẹ̀lú oko kòkó, oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà. Ẹran ìgbẹ́ tí àwọn ìyá wa ń tà lẹ́bàá títì, ọdẹ ló pa á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdẹ náà kò sì ra ìbọn wọn ní tuntun. Bàbá ló fi í sílẹ̀, tàbí kí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹni tí ọjọ́ orí ò jẹ́ kó lè rìn nígbà alẹ́ mọ́. Ìbọn ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, àmọ́ ìmọ̀ nípa ọta tó bá a mu kì í sábà bá a lọ. Láwọn ilé mìíràn, ọ̀pá kan tiẹ̀ wà lórí àjà láìní ìdí igi, tí ọmọ sì ń ronú ohun tó lè fi í ṣe. Nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ àlàyé yìí.

Ká ti ibi òfin bẹ̀rẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1959, ó sì pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìbọn tí a kà léèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́, àti ìbọn ogun tí ọta wọn jẹ́ mílímítà 7.62, mílímítà 9, ínṣì .300 àti ínṣì .303. Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnì kan ní irú wọn. Èkejì ni ìbọn tí aráàlú lè ní bí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá bá fún un níwèé àṣẹ: ìbọn ọdẹ ọlọ́pá kan tàbí ọlọ́pá méjì, àti ìbọn ọlọ́ta kan (ráífù) tí ìwọ̀n ọta rẹ̀ kò sí nínú ti ogun. Ìbọn ọdẹ tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta, tàbí èyí tí ẹ̀rọ ara rẹ̀ ń bá èèyàn ki í, kò sí nínú ẹgbẹ́ kejì yìí. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" mọ̀ pé ìbọn ogun ti dún nílẹ̀ yìí rí, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí ọdẹ ń kó wọ oko. Ẹni tó bá sì ní ọ̀pá tó ṣẹ́kù nílé gbọ́dọ̀ rántí pé ìwé àṣẹ tó wà lórúkọ bàbá kì í di ti ọmọ. Kó tó ra ọta kan ṣoṣo, kó ti gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn òfin, ìbú ihò ló kàn. Nọ́ńbà tí a ń pè mọ́ ìbọn ọdẹ, bíi 12, 16 tàbí 20, wá láti ara ìṣirò àtijọ́ kan. Wọ́n á mú òjé tó wọ̀n tó páùn kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 454, wọ́n á pín in sí róbótó méjìlá tó dọ́gba. Ìbú ọ̀kan nínú róbótó náà ni ìbú ihò ìbọn 12. Bí a bá pín òjé kan náà sí ogún, róbótó kọ̀ọ̀kan á kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi ń ga bí ihò ṣe ń kéré: ìbọn 12 ní ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 18.5, ìbọn 16 ní 16.8, ìbọn 20 sì ní 15.6. Èyí tí wọ́n ń pè ní .410 nìkan ló yàtọ̀, nítorí ínṣì ni wọ́n fi wọn ìbú tirẹ̀.

Nínú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ewu tó burú jù wà. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì ki ọta 20 sínú ìbọn 12, ọta náà kò ní dúró ní ìdí ọ̀pá. Á yọ́ wọlé, á sì há síwájú, níbi tí ojú kò ti lè rí i. Bí ọdẹ bá fà á tí kò dún, á rò pé òun ò tíì ki ìbọn. Á ki ọta 12 lé e lẹ́yìn, á sì fà á. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ọ̀pá á bẹ́ ní ibi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ gbé dì í mú. Torí ewu yìí ni àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ ìyeyè ṣe ọta 20 láti àwọn ọdún 1960, kó lè hàn sójú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí ọdẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan. Kó ka nọ́ńbà tó wà lára idẹ ìdí ọta. Bí ìbọn oríṣi méjì bá sì wà nínú ilé kan, kí àpò ọta wọn má papọ̀ láé.

Gígùn ilé ọta ló tẹ̀ lé ìbú. Ibi tí ọta ń wọ̀ ní ìdí ọ̀pá ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ̀ díẹ̀ ju ihò tó kù lọ. Níbi tó parí sí, irin náà ń sún mọ́ra bọ̀ títí tó fi bá ìbú ọ̀pá mu. Ọ̀pọ̀ ìbọn 12 tó ti pẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ọta tó gùn tó mílímítà 65. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lónìí ni 70, àwọn mìíràn sì jẹ́ 76. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà yìí sí abẹ́ ìdí ọ̀pá, níbi tí kò hàn àfi bí a bá yọ ọ̀pá kúrò lára ìdí igi.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ sára ọta, gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dún ni. Kí a tó yìn ín, ẹnu rẹ̀ ká wọnú láti fi dé àwọn ọmọ ọta, ìyẹn àwọn róbótó òjé kéékèèké inú rẹ̀, nítorí náà ó kúrú ju nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ. Ọta 76 tí a kò tíì yìn lè wọ ilé ọta 70 wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbọn á sì pa dé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó bá dún ni ẹnu rẹ̀ tó ká á ṣí sílẹ̀, á nà wọ ibi tí irin ti sún mọ́ra, á sì fún ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ọta tó ń jáde. Agbára tó wà nínú ọ̀pá á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Pé ọta wọlé kò fi hàn pé ó bá ìbọn mu. Ọta kúkúrú nínú ilé ọta gígùn kò léwu. Èyí tó gùn ju ilé rẹ̀ lọ ni kí a sá fún.

Kí lagbára náà tó? Báà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Táyà mọ́tò kékeré tó ń kọjá ní títì Ọ̀rẹ̀ kì í gbé ju nǹkan bíi báà méjì sí mẹ́ta lọ. Ìlànà àgbáyé gba pé kí ọta 12 lásán gbé tó báà 740. Ti ìbọn ọlọ́ta kan ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: ọta .308 Winchester lè dé báà 4,150. Irin tó yí agbára yìí ká ló ń dáàbò bo ojú ọdẹ, kò sì sí ohun mìíràn láàrín wọn.

Nítorí èyí ni ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi ta ọ̀pá kan láìdán an wò. Wọ́n á yin ọta tó lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ nínú rẹ̀, bí kò bá sì bàjẹ́, wọ́n á tẹ àmì sí i lára. Ilé ìdánwò ìbọn tó wà ní Birmingham ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 1813, ti London sì ṣáájú rẹ̀. Rọ́ṣíà, Ítálì àti Sípéènì náà ní àmì tiwọn. Ọdẹ tó bá mú ọ̀pá tí kò ní àmì kankan lára dání kò ní ẹ̀rí kankan pé ọ̀pá náà lè gba ọta ilé iṣẹ́.

Irú ẹ̀tù ló tún kàn. Ẹ̀tù dúdú tí a ń lò nínú ṣakabùlà máa ń yọ èéfín púpọ̀, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Èyí tó wà nínú ọta òde òní kì í yọ èéfín bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lágbára ju ẹ̀tù dúdú púpọ̀ lọ. Ẹni tó bá tú ọta, tó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà nítorí pé ẹ̀tù dúdú wọ́n, ikú ló ń ki. Kò sí ìwọ̀n kan tó dáa tí a lè fi ṣe é.

Ó wá kan ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó jogún ọ̀pá máa ń béèrè: ṣé a lè gbẹ́ ilé ọta rẹ̀ kó lè máa gba ọta mìíràn? Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ti ní ìwé àṣẹ àti irinṣẹ́ tó pé, a máa ń ṣe é fún ọ̀pá ìbọn ọlọ́ta kan. Ó dára ká mọ bí wọ́n ṣe ń ronú sí i, nítorí ọgbọ́n kan náà ló wúlò fún ẹni tó ń ra ọta lásán.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń rò ni pé ihò ọ̀pá kò ní í yí padà. Bí ọ̀pá bá jẹ́ ti ọta oníbùú kan, ìbú kan náà ni ọta tuntun gbọ́dọ̀ ní. Ìkejì ni pé irin tí a fi ń gbẹ́ ilé ọta, yíyọ ló mọ̀, kò mọ àfikún. Nítorí náà, ọta tuntun gbọ́dọ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ níbi gbogbo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n gé ìdí ọ̀pá kúrò, kí wọ́n sì gbẹ́ ilé tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni ọta .300 Holland & Holland, tó jáde ní ọdún 1925. Nígbà tí Roy Weatherby ṣe ọta .300 Weatherby ní ọdún 1944, ara ọta àkọ́kọ́ yẹn ló ti mú un, ó kàn mú kí inú rẹ̀ fẹ̀ sí i ni. Nítorí náà, a lè gbẹ́ ọ̀pá ti àkọ́kọ́ kó máa gba ti ìkejì.

Ẹ̀kẹta ni ìlà tó yí po nínú ihò ìbọn ọlọ́ta kan. Ìlà náà ló ń mú ọta pòyì kó lè lọ tààrà. Bí ọta bá ṣe gùn tó, tó sì wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ló nílò ìlà tó ń yára yí. Ọ̀pá tí ìlà rẹ̀ ń lọ́ra yí kò ní í ju ọta gígùn dáadáa, bó ti wù kí ẹ̀tù pọ̀ tó. Ẹ̀kẹrin ni ìdí ìbọn fúnra rẹ̀: ṣé ohun tó ń di ìdí ọta mú bá ìdí ọta tuntun mu, ṣé àyè wà fún gígùn rẹ̀, ṣé ìdí náà lè di agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ mú? Ìkarùn-ún ni ọjà. Ọta tó dára tí kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó kò yàtọ̀ sí pé ìbọn kò sí. Bí iṣẹ́ bá sì parí, wọ́n á pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ lára ọ̀pá, wọ́n á tẹ tuntun sí i, kí ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́la má baà ki ọta àná sí i.

Bí a bá kó ìbéèrè márùn-ún yìí wá sí Odìgbó, ìdáhùn rẹ̀ ò le. Ìbọn 12 tàbí 20 tó wà lọ́wọ́ ọdẹ wa, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yí ilé ọta wọn ká. Ẹni tó bá gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ lẹ́bàá ọ̀nà pé kó gbẹ́ ilé ọta 65 di 76, ara irin tó ń dáàbò bò ó ló ní kí wọ́n bá òun bù kúrò, lẹ́yìn náà ó wá tún fẹ́ ki ọta tó lágbára jù sí i. Àmì ìdánwò ara ọ̀pá náà kò sì jẹ́rìí sí nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ náà kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba kò fún ní àṣẹ. Ọta tó bá ọ̀pá mu wà lọ́jà. Òun ni kí a wá lọ. Èyí tí kò bá sí ọta fún mọ́, kí a fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ju kí a bá a wá iṣẹ́ tuntun lọ.

Nígbà tí ìbú àti gígùn bá ti dájú ni ọdẹ tó wá lómìnira láti ronú nípa ẹran. Ibí yìí ni yíyàn ti gbòòrò. Àwọn ọmọ ọta tó wà nínú ọta ìbọn ọdẹ ní nọ́ńbà tiwọn, àwọn náà sì ń kéré sí i bí nọ́ńbà ṣe ń ga. Nínú ọta 12 tó gbé òjé gíráàmù 32, ọmọ ọta nọ́ńbà 6 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fẹ̀ tó mílímítà 2.6, á tó 300. BB wọn, tó fẹ̀ tó mílímítà 4.1, kò ní ju 80 lọ. Ọmọ ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní SG, tó fẹ̀ ju mílímítà 8 lọ, kò ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọta kan. Púpọ̀ tó kéré fún ẹyẹ, díẹ̀ tó tóbi fún ẹran ńlá: ohun tí gbogbo ìṣirò yẹn ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oko kòkó, níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń fò lórí igi, tí àparò sì ń jẹ nínú ẹ̀gẹ́ tó wà nítòsí, nọ́ńbà 6 tàbí 7 tó. Fún ọ̀yà nínú koríko tó ga, ọmọ ọta tó tóbi díẹ̀ bíi nọ́ńbà 4 tàbí BB ló lè la koríko kọjá. Ẹtu tí ọdẹ alẹ́ fi iná orí rí ojú rẹ̀ nínú igbó Olúwa kì í sábà jìnnà. BB tó fún un. Ìgalà àti túùkú ló nílò SG tàbí ọta olódidi kan, ìyẹn èyí tí òjé ẹyọ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ọdẹ má rò pé SG ń mú ọ̀nà jíjìn kúrú. Ọmọ ọta mẹ́sàn-án tó ti fọ́n ká ní ogójì mítà lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran láìbà á, tàbí kí ẹyọ kan bà á ní ikùn, kó sá lọ kú sínú igbó láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Kí ọdẹ sún mọ́ ọn, tàbí kó jẹ́ kó lọ.

Nọ́ńbà wọ̀nyí kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Nọ́ńbà 6 ti Amẹ́ríkà fẹ̀ tó mílímítà 2.8, ó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. BB Amẹ́ríkà tó mílímítà 4.6. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ mílímítà sára páálí, òun ni kí a kà.

Ẹnu ọ̀pá náà ń sọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ ni wọ́n fún lẹ́nu díẹ̀ kí ọmọ ọta má baà tètè fọ́n ká. Èyí tó fún jù lọ lè kéré sí ihò tó kù tó nǹkan bíi mílímítà kan. Bí ẹnì kan bá fi róbótó òjé tó kún ihò sínú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ lè ya. Ọta olódidi kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, bíi èyí tí Wilhelm Brenneke ṣe ní Jámánì ní ọdún 1898, ní ìlà rírọ̀ lára tó lè fún wọlé kọjá. Róbótó tí a rọ nílé kò ní i.

Àwọn ẹran kan wà tí kò sí ọta fún rárá. Akika, erin, ìnàkí: òfin àbò ẹran tó ti wà láti ọdún 1985 dáàbò bo irú wọn, igbó Olúwa sì wà lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbìyànjú láti là á já. Ọdẹ tó mọ igbó mọ̀ pé bí wọ́n bá tán, ọmọ òun kò ní í rí wọn mọ́.

Ojú ọjọ́ Ọ̀rẹ̀ náà ń ba ọta jẹ́. Òjò wa pọ̀, ọ̀rinrin kì í sì í fi ilé sílẹ̀. Ọta tó ti fa omi lè wú, idẹ ìdí rẹ̀ lè yọ ìpẹtà. Èyí tí kò bá fẹ́ wọlé, kí a má fi agbára tì í. Kí a tọ́jú ọta síbi gbígbẹ, jìnnà sí ààrò àti ọmọdé. Bí a bá fa ìbọn tí kò dún, kí ẹnu rẹ̀ ṣì wà níbi tí kò sí èèyàn fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú kí a tó ṣí i, nítorí iná lè pẹ́ kó tó dé inú ẹ̀tù. Bí ìró rẹ̀ bá sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ, kí a tú u, kí a wo inú ọ̀pá títí dé òpin kí a tó ki òmíràn, torí ohun tó há lè ṣì wà níbẹ̀.

Gbogbo èyí, ohun tí ẹgbẹ́ ọdẹ lè fi sí ìṣe ni. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù mú ìbọn rẹ̀ tó ti tú, tí kò ní ọta nínú, wá. Kí àwọn àgbà ọdẹ tó mọ̀wé ka nọ́ńbà ìbú àti gígùn tó wà lábẹ́ ìdí ọ̀pá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni í. Èyí tí kò bá ní àmì, kí wọ́n sọ fún ẹni náà pé kó má ki ọta ilé iṣẹ́ sí i mọ́. Bí ọdẹ kan bá ti ń dàgbà, kí ó pe ẹni tó máa jogún ìbọn rẹ̀, kó fi nọ́ńbà náà hàn án, kó sì sọ irú ọta tí òun ń lò fún un. Ìpàdé kan péré tó fún ìwé náà. Ọdẹ tó ti tipa bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀pá rẹ̀ kò ní í wọ ìsọ̀ béèrè ọta tó lágbára jù lọ mọ́. Nọ́ńbà tó wà lára ìbọn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ.